Bọ́tìnnì Tí Bàbá Mi Kò Tẹ̀

Àwọn ará àdúgbò wa ní Adéwọlé ti gbà pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, mo sì ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Ẹni tí rédíò rẹ̀ bá dákẹ́ á gbé e wá. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá bọ́ sínú garawa omi á rì í mọ́ inú ìrẹsì, á gbé fóònù àti ìrẹsì wá pa pọ̀, bí ẹni pé mo fẹ́ sè é. Obìnrin kan tilẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù wá lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ìyá, áyọ́ọ̀nù kọ́ ni mò ń tún ṣe." Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí oníná náà ni?" Mo tú u wò. Wáyà rẹ̀ ló já. Mo so ó, ó gbóná, obìnrin náà sì ń gbàdúrà fún mi títí ó fi dé ẹnu géètì. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu mi kò ti gbà á mọ́ láti sọ pé n kì í ṣe atúnnǹkanṣe.

Iṣẹ́ mi gan-an, ojú-òpó ayélujára ni mò ń kọ́. Èmi àti ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ la jọ ni yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Táíwò Road. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ kàwé ni, ó sì máa ń pè mí ní Alhaja Kóòdù, bẹ́ẹ̀ n ò tíì fojú kan Mẹ́kà rí. Nísàlẹ̀ wa wọ́n ń ta bàtà. Lókè, àwa ń bá kóòdù jà. Gbogbo ojú-òpó kọ́ ló jọra. Àwọn kan wà tí ohun tí a bá kọ sí wọn lónìí ni wọn yóò máa wí títí ayé. Èyí tí àwa ń kọ́ máa ń dáhùn ní tirẹ̀: o béèrè, ó ronú, ó fún ọ ní tìrẹ, ẹlòmíràn béèrè, ó fún un ní tirẹ̀.

Nínú gbogbo ẹbí wa, bàbá mi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí yé. Alfa ni bàbá mi. Ní agboolé wa láàárín ìlú ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kéú kí wọ́n tó bí mi, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí a jókòó, mo ní, "Bàbá, ẹ wo pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Bí Ẹ́míà kà á, bí alágbàro kà á, nǹkan kan náà ni wọ́n kà. Ojú-òpó mìíràn, pátákó ni. Tèmi, aránṣọ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wọlé, á wọ̀n yín, á rán tiyín."

Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ó yé mi. Ti àkọ́kọ́ yẹn, wàásù ni. Tìrẹ yìí ni ìdáhùn tí a ń fún ẹni tó bá dìde béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn wàásù."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá."

"Nígbà náà, iṣẹ́ mi lò ń ṣe. Kí ló wá dé tí ìwọ fi ní ẹ̀rọ amúlétutù lọ́fíìsì, tí èmi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi?"

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá dá èèyàn lóhùn tán, á ju òkò ẹ̀fẹ̀ kan tẹ̀lé e. Nínú ààwẹ̀ kan, ọkùnrin kan dìde níbi tàfúsírì tí Bàbá ti ń túmọ̀ Kùránì, ó ní ṣé itọ́ tí òun gbé mì ti ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Bàbá mi ní, "Itọ́ kì í ba ààwẹ̀ jẹ́." Ọkùnrin náà ń jókòó lọ. Bàbá mi ní, "Dúró ná. Kí lò ń wò tí itọ́ fi kún ẹnu rẹ tó báyẹn?" Ẹ̀rín da mọ́ṣáláṣí rú. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ, n ò sì rò pé ó gbàgbé ìdáhùn náà títí dòní. Ohùn Bàbá há, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpò àgbàdo lórí sìmẹ́ńtì. Ohùn yẹn ni àwọn obìnrin ń gun ọ̀kadà wá gbọ́ láti Oke-Oyi, wọ́n á jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n á máa fi ìborùn bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Híhá tí ohùn rẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí dókítà yóò fi iná wo ọ̀fun rẹ̀, kókó ti so ní gògóńgò. Wọ́n ní àwọn á yọ ọ́, ẹ̀mí rẹ̀ yóò sì gùn, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ṣùgbọ́n gògóńgò yóò bá kókó náà lọ, ohùn yóò sì bá gògóńgò lọ. Kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá mi fi gèlè bojú. Bàbá mi bi dókítà pé, "Ṣé n ó ṣì máa jẹun?"

"Ẹ ó máa jẹun, Bàbá."

Ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyá wọn, ṣé o gbọ́? Oúnjẹ kò yẹ̀. Ohùn tìrẹ nìkan ni yóò máa dún nínú ilé. Ṣebí ohun tó o ti ń tọrọ nìyẹn látọjọ́ yìí?"

"Ẹ dákẹ́ o, Alfa," ni ìyá mi wí nínú ẹkún. Ìgbà tó wí i tán ló gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó tún bú sẹ́kún.

Nínú mọ́tò, bí a ti ń padà bọ̀ wálé, Bàbá yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Kọ̀ǹpútà." Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Ojú-òpó rẹ tó ń dáhùn yẹn, ṣé ó lè máa fi ohùn mi dáhùn, bí ohùn mi bá ti lọ?"

"Ó lè ṣe é, Bàbá."

"Kọ́ ọ fún mi. Kì í ṣe wàásù ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ o. Wàásù pọ̀ nígboro. Ìdáhùn ni."

Báyìí ni èmi tí mo ti kọ́ ojú-òpó fún onílé-ìwé, fún ẹlẹ́ran adìyẹ, fún ọkùnrin kan tó fẹ́ máa ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ (a lé e), ṣe wá jókòó láti kọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ láyé mi. Àkókò tí a ní kò pọ̀. Iṣẹ́ abẹ ti súnmọ́.

Bí ilé oníyàrá mẹ́ta ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Yàrá iwájú ni ojú tí èèyàn ń rí, tí ìka ń tẹ̀. Yàrá àárín wà nínú kọ̀ǹpútà kan níbòmíràn tí kì í sùn, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní sáfà. Ibẹ̀ ni ìrònú wà. Yàrá ẹ̀yìn ni àká, tí à ń kó gbogbo ohun tí a kò fẹ́ kó nù sí. Èèyàn á kọ ìbéèrè rẹ̀ sí yàrá iwájú, ìbéèrè náà á yọ lórí fóònù Bàbá, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá nítorí ojú rẹ̀. Bàbá á tẹ àmì pupa, á sọ̀rọ̀, á tẹ̀ ẹ́ kó dúró, fóònù á sì sọ ọ́ padà fún un kó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tẹ bọ́tìnnì kan, ìdáhùn náà á wọ inú àká. Ẹni tó bá béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, ohùn Bàbá ni yóò dá a lóhùn.

Ẹnìkejì mi kò fẹ́ràn bọ́tìnnì ìkẹyìn yẹn. Ó ní, "Alhaja Kóòdù, ẹ jẹ́ kó máa wọ àká fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n. Ẹ má fún àgbàlagbà ní bọ́tìnnì púpọ̀."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ẹ̀wà tí wọ́n ń dà síná tòun ti òkúta. N ó gbọ́ ọ tán, n ó ṣà á, kó tó di ti gbogbo ayé. Bí mo bá ṣì í sọ, ọrùn ta ni yóò wà?"

Ó tọ̀nà. Mo fi bọ́tìnnì náà sílẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ fún un pé kó dán an wò, òyìnbó ló wà lára àwọn bọ́tìnnì, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wà. Ó sọ̀rọ̀ sí i, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ní, "Báyìí ni mo ṣe máa ń dún? Ẹ̀yin èèyàn yìí ní sùúrù o." Ó wá dé orí ti ìkẹyìn. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"'Save' ni, Bàbá. Séèfù."

"Mo gbọ́. Kí ló ń ṣe níbí? Ìbéèrè Yorùbá, ìdáhùn Yorùbá, òyìnbó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá."

Ìyá mi pariwo láti ilé ìdáná. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sinmi!"

"Ọmọ Alfa ni. Kó sọ ọ́ lédè ìyá rẹ̀. Ìyá náà ṣáà wà níbẹ̀ yẹn tó ń pariwo."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tí séèfù ṣòro fún nílùú yìí. Àwọn ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ń sọ fún ọmọ wọn pé, "Séèfù nọ́ńbà mi o, má tún bi mí pé ta ni." Bàbá mi fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́. Ká ní mo fi ọlọ́pàá yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ìgbà wo ni oníṣẹ́ bíi tèmi rí ẹni tó ń bínú nítorí èdè? Mo padà sí Táíwò Road, mo jókòó, mo sì ń yan ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń yan orúkọ fún ọmọ tuntun. "Sọ̀rọ̀." "Dúró." "Gbọ́ ọ." Nígbà tí mo dé orí ti ìkẹyìn, mo kọ "Fi pamọ́."

Ẹnìkejì mi na ọrùn wò ó. "'Tọ́jú' ńkọ́?"

"Aláìsàn là ń tọ́jú. Ohun tó bá ń lọ sínú àká, a ń fi pamọ́ ni."

"Alhaja, ẹ ti mọ̀ jù."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo kọ "Parí," fún ẹni tó bá ti ṣe tán. Mo tún ṣọ́ra, bí oníṣẹ́ gidi. Mo ní, bí Bàbá bá wá gbàgbé, tó tẹ "Parí" láìtẹ "Fi pamọ́" ńkọ́? Nítorí náà mo kọ kóòdù kan tí yóò dá a dúró, tí yóò bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ fi ìdáhùn yìí pamọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Rárá. Mo gbá inú àká mọ́, mo da gbogbo ohun tí a fi dán an wò nù, mo sì ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí a tilẹ̀ ti sọ fún wọn pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìdáhùn yóò máa dé.

Láràárọ̀, bí Bàbá bá ti kírun àsùbáà tán, á wọ yàrá, ìyá mi á lé adìyẹ kúrò lẹ́nu fèrèsé, á ní kí gbogbo agboolé dákẹ́. Ó ní òun máa ń gbọ́ ọ tó ń fọhùn, tó ń bú sẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Ìgbà mìíràn á gbọ́ ọ tó ń sunkún díẹ̀, á sì tún máa sọ̀rọ̀ lọ. Ohùn náà ti ń rẹlẹ̀ nígbà yẹn. Bí mo bá pè é lórí fóònù, mo ní láti pa ẹ̀rọ amúlétutù kí n tó lè gbọ́ ọ.

"Bàbá, iṣẹ́ ńkọ́?"

"A ń bá a lọ. Mo tilẹ̀ rí ohun tó o fi síbẹ̀. Ọlọ́run á fún ọ ní àlùbáríkà. Ó wú mi lórí."

Lẹ́tà ńláńlá tí mo ṣe nítorí ojú rẹ̀ ni mo rò pé ó ń wí. Mo ní, "Kò tó ọpẹ́, Bàbá."

Mo yọjú wo inú àká lọ́jọ́ kan láti ọ́fíìsì. Òfìfo ni. Ṣùgbọ́n mo rántí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì agboolé wa kò dára, mo sì ti kọ́ ọ lọ́nà tó jẹ́ pé bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ohun tí Bàbá bá fi pamọ́ á dúró nínú fóònù, á máa retí; ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbéra, gbogbo rẹ̀ á ya wọ àká lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti fi irú ọgbọ́n yìí yangàn lójú àwọn oníbàárà tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Nítorí náà mo fọkàn balẹ̀. Mo ní wọ́n wà nínú fóònù, mo ní wọ́n ń retí.

Mo sì tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: n kò fẹ́ gbọ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí. Lójú mi, ẹni tó bá jókòó tó ń gbọ́ ohùn tí bàbá rẹ̀ ń kó jọ sílẹ̀, nígbà tí bàbá náà ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ń ṣe ìdágbére ṣáájú àkókò. Mo ní ọjọ́ wà níwájú.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Àlùhámúdù. Bàbá padà wálé pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá wọlé tó ń fi ọwọ́ júwe bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀, Bàbá á fọwọ́ fa etí ara rẹ̀ méjèèjì fún un pé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìṣòro, mo wí nínú ara mi. Mo gbé ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára wá láti ọ́fíìsì, mo gba fóònù rẹ̀, mo sì jókòó ti ibùsùn rẹ̀ kí gbogbo wa jọ wò ó bí ìdáhùn yóò ti máa ya wọ àká.

Kò sí nǹkan kan tó ń retí nínú fóònù náà.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wò. Mo pa á, mo tàn án. Ìyá mi ní, "Kí ló dé?"

Mo ṣí ojú tí Bàbá máa ń lò, mo nà án sí i. "Bàbá, bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, èwo lẹ máa ń tẹ̀?"

Ó fi ìka tọ́ "Parí."

"Èyí ńkọ́?" Mo fọwọ́ kan "Fi pamọ́."

Bàbá wò mí bí ẹni pé mo ṣépè. Ó mi orí, ó mi ìka, ó sì fi ètè sọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́.

Ìyá mi ló dáhùn fún un. "Èyí tó ní kí wọ́n fi pamọ́ yẹn? Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ìdánwò lo fi síbẹ̀. Pé bí àwọn bá ti dáhùn tán, ẹ̀rọ náà á bi àwọn pé ṣé àwọn fẹ́ fi ìmọ̀ pamọ́. Àwọn á ní, Aúsù bílàhì, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, rárá! Wọ́n ní ṣé mo rí bí ọmọ tí mo bí ṣe gbọ́n tó, pé ó rántí ohun tí àwọn kọ́ ọ ní kékeré, ó wá fi ń ran àwọn létí ní ọjọ́ ogbó."

Mo rántí. Ta ni kò kọ́ ọ nínú gbogbo àwa tí a jókòó sórí ẹní ilé kéú rẹ̀? Ẹni tí wọ́n bi léèrè ìmọ̀, tó mọ̀ ọ́n, tó wá fi pamọ́, ìjánu iná ni wọn yóò fi sí i lẹ́nu lọ́jọ́ Àlùkìyámà. Bí Bàbá bá dé ibẹ̀, á di ẹnu ara rẹ̀ mú kí a lè rí bí ìjánu náà yóò ti rí, àwa ọmọdé á sì máa gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, bó ti máa ń pè é lẹ́nu, ni mo kọ sí abẹ́ ìdáhùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Àgbàdo tí à ń fi pamọ́ sínú àká ni mò ń rò. Mo gbàgbé pé Alfa ni mò ń kọ́ ọ fún. Láràárọ̀ ni mo bi bàbá mi bóyá ó fẹ́ jẹ́ ẹni iná. Láràárọ̀ ló fi ìgboyà tẹ "Rárá." Ìdáhùn náà á sì pòórá, nítorí pé bí mo ti kọ kóòdù náà nìyẹn, láìfi ìdọ̀tí kankan sílẹ̀.

Bàbá ń wo ojú mi. Ó wo fóònù. Ó tún wo ojú mi. Mo rí i bí ó ti ń yé e díẹ̀díẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ohùn kankan nínú yàrá náà. Ìyá mi gbá a nítan. "Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ojú ọgbẹ́!" Ó di aṣọ ọrùn rẹ̀ mú, ó ń mì lọ. Nígbà tó dákẹ́, bí a bá lè pè é ní dídákẹ́, ó kọjú sógiri, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun.

Èmi àti ẹnìkejì mi tú fóònù náà wò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Mo ti mọ̀ pé kò lè sí níbẹ̀. Ohun tí èèyàn bá sọ sínú ojú-òpó bẹ́ẹ̀, bí omi tí a fọwọ́ bù ni; bí a kò bá tètè dà á sínú nǹkan, ìgbà tí a bá la ọwọ́ ló parí. Ẹnìkejì mi, tó fẹ́ràn láti máa bú mi, kò bú mi. Ó kàn ní, "Ká ní 'Save' ló wà níbẹ̀..." kò sì parí rẹ̀.

Àwọn kan ní ohùn Bàbá nínú fóònù wọn, tàfúsírì ààwẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wàásù ni. Ìyá mi náà gbìyànjú láti sọ èyí tó gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà. Ó dùn gan-an!" "Kí ni wọ́n sọ, Ìyá?" "Wọ́n ní kó ṣe sùúrù." "Kí ló wá dùn níbẹ̀?" Á ronú, á mirí. "Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni."

N kò pa ojú-òpó náà. Bàbá kò jẹ́ kí n pa á. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, èmi, Bàbá àti ìyá mi á jókòó. Mo ka ìbéèrè, Bàbá á fi ètè sọ ìdáhùn, èmi àti ìyá mi á máa wò ó lẹ́nu, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bí mo bá ti rí i. Tí kì í bá ṣe àárẹ̀, ó mọ̀wé kọ; ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n báyìí, ànjẹ̀mí ló sì ń kọ, Yorùbá nínú lẹ́tà Lárúbáwá, tí ojú tèmi kì í tètè kà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè kan wọlé láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Oke-Oyi, tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní ìyá òun ti darúgbó, kì í rántí iye rákà tó ti kí. Á kírun tán, á tún dìde, á tún bẹ̀rẹ̀, títí ó fi máa ń rẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé ìrun ìyá òun dá, ṣé kí òun sì máa dá a dúró?

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́ kí n tó kà á tán. Ó fi ètè sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kà á fún un. "Ìrun wọn dá. Ẹ má dá wọn dúró. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa bá wọn ka iye rẹ̀."

Ó fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá gbé ìka sókè: ó ku díẹ̀. Òkò ẹ̀fẹ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó sọ ọ́. N kò rí i mú.

"'Ọlọ́run kì í...' kí ni, Bàbá?"

Ó tún un sọ.

"Wọ́n ní Ọlọ́run kì í sùn," ni ìyá mi wí.

Ó mirí. Ó tún un sọ, ètè rẹ̀ ń là gbàgà bí ẹni tó ń pè láti òdìkejì odò. Mo ní, "'Ó sàn ju'? 'Ó sàn ju ẹni tó ń...'?" Ó mirí. Ó ti ń mí gúlegúle. Wọ́n pe ìrun àlàásàrí ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa, a sì dákẹ́ títí wọ́n fi pè é tán. Lẹ́yìn náà Bàbá fi ọwọ́ júwe fóònù fún mi. Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́. Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí èsì obìnrin náà wọlé. Ó ní a dúpẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀mí Alfa gùn. Ó ní òun ka ìdáhùn náà sétí ìyá òun, tó máa ń wá síbi tàfúsírì nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e. Ìyá náà ní ta ló sọ ọ́? Òun ní Alfa ni. Ìyá náà ní, "Rárá, kì í ṣe wọ́n. Níbo lẹ̀rín wà níbẹ̀?"

Bàbá nu ojú rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń béèrè pẹ̀lú ojú pé kí ni wọ́n wí.

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ṣeun, Bàbá."

Ó dúró díẹ̀, ó ń retí ìyókù. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó sì kọjú síbi ìrun.